Ọjọ́ mélòó ló ti bímọ?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ màlúù oníwàrà, ìbéèrè kan ló là mí lójú. Màlúù kan bímọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, mo ti búrọ́ọ̀ṣì kékeré bọ ilé ọmọ rẹ̀, mo yí i, mo fi ohun tó gbé jáde kun gíláàsì, mo gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Neutrophil kún ibẹ̀ bámúbámú, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń gbé kòkòrò àìsàn mì. Kíá, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn wà nínú ilé ọmọ. Ọ̀gá mi wo ìwé náà, wọ́n ní, “Ọjọ́ mélòó ló ti bímọ?” N kò kọ ọjọ́ kankan sí i.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí màlúù tí bakitéríà kì í wọ ilé ọmọ rẹ̀. Ó yẹ kí neutrophil ya débẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wá bá ni paná bá ṣì wà lágbàlá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, iná ọ̀hún kò tíì kú nìyẹn. Irú màlúù bẹ́ẹ̀ lè máa jẹun, kí ọyún má jáde lára rẹ̀ rárá, síbẹ̀ kí oyún má tètè dúró.

Oúnjẹ ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù. Agbára tí wàrà ń gbà lára ìyá ọmọ ju èyí tó ń jẹ wọlé lọ, ló bá ń yọ́ ọ̀rá ara rẹ̀ lò. Bí ọ̀rá yẹn bá pọ̀ ju agbára ẹ̀dọ̀ lọ, ketone, ìyẹn ohun tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe láti inú ọ̀rá, á kún ẹ̀jẹ̀. Tí BHB, ìyẹn irú ketone tí à ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, bá ti tó 1.2 mmol/L, ẹ fura, bó tilẹ̀ dúró ṣánṣán. Wàrà yìí kan náà tún ń fa calcium lọ. Neutrophil tó wà nínú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í lè jà bó ṣe yẹ.

Àárẹ̀ neutrophil yìí kì í sì í ṣe ọjọ́ ìbímọ ló ń bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn màlúù tí ibi wọn kọ̀ tí kò jáde, wọ́n rí i pé neutrophil wọn ti ń ṣàárẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó bímọ. Nítorí náà, ibi ọmọ tó bá ṣì so rọ̀ nídìí lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á. Mo mọ̀ pé ó máa ń rùn, pé ó ń lẹ̀ mọ́ ìrù, pé eṣinṣin ń bò ó. Fífà á lè ya inú ilé ọmọ. Ẹ máa wọn ìgbóná ara rẹ̀, kí ẹ sì wò bóyá ó jẹ oúnjẹ tán.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo tún ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú màlúù mi yẹn. Mo ka sẹ́ẹ̀lì 200. Neutrophil 6 péré ni mo rí: iná ti kú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì kọ́kọ́ kọ ọjọ́ tó bímọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.