Ọjọ́ orí tó ń wọ́ jọ sórí 30 àti 40 l'Ékòó

Bí wọ́n bá ń béèrè ọjọ́ orí yàrá dé yàrá nínú ilé face-me-I-face-you ní Mushin, 30, 35, 40 àti 50 ló máa ń kún inú ìwé. Ẹni ọdún 38 á ní òun ti pé 40. Àwọn tó ti jí lọ sí Ìdúmọ̀tà ńkọ́? Aládùúgbò ló máa fojú díwọ̀n tiwọn. Láti ìkànìyàn 2006, irú ìwádìí ilé-dé-ilé báyìí la gbójú lé, ó sì yẹ ká mọ ibi tó ti ń jò.

Whipple ni wọ́n ń pe ìṣirò tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mú gbogbo ẹni ọdún 23 sí 62, ka àwọn tí ọjọ́ orí wọn parí sí 0 tàbí 5, sọ iye yẹn di ìlọ́po 5, fi iye gbogbo wọn pín in, kí o wá sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Ká ní èèyàn 400 ni, tí 160 nínú wọn parí bẹ́ẹ̀: 200 nìyẹn. 100 ló dáa; èyí tó bá ti kọjá 175 ti bàjẹ́ gan-an. Kí ọ̀gá ìwádìí ṣe é fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ, torí bí wọ́n bá ti kúrò ládùúgbò, àtúnṣe di ìnira.

Èyí tó burú jù ni ti òṣìṣẹ́ tó ń sá fún iṣẹ́. Nínú ìwádìí bíi NDHS, ìyẹn ìwádìí lórí iye èèyàn àti ìlera ní Nàìjíríà, obìnrin ọdún 15 sí 49 ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè gígùn nípa ọmọ bíbí. Bí òṣìṣẹ́ bá sọ ẹni 48 di 50, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè yẹn. Bí ẹni 50 sí 54 bá pọ̀ ju ẹni 45 sí 49 lọ, fura. NDHS 2018 ní obìnrin Èkó ń bí ọmọ 3.4 ní ìpíndọ́gba, ti gbogbo Nàìjíríà sì jẹ́ 5.3, orí ọjọ́ orí ìyá àti ọmọ ni irú iye bẹ́ẹ̀ dúró lé.

Nítorí náà, fi ìṣẹ̀lẹ̀ béèrè.

"Mọ́mì, kíláàsì wo lẹ wà nígbà tí wọ́n fagi lé ìbò Abíọ́lá?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS1 ni."

1993 nìyẹn, ó ti tó bí ọmọ ọdún 11 sí 13. Wá béèrè bóyá ó ti bí àkọ́bí rẹ̀ kí bọ́ǹbù tó dún n'Íkẹjà ní January 2002. Bí méjèèjì kò bá bára mu, béèrè ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Fún àwọn àgbà, ọjọ́ tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún, 2 April 1972, wúlò púpọ̀.

Ìwé ọjọ́ orí láti kóòtù náà kò tó: ẹlòmíràn ti dàgbà kó tó gbà á. Bí o bá rí 1 January nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn fi ọjọ́ yẹn sí i ni; ṣì fi ìṣẹ̀lẹ̀ wádìí ọdún náà.