Ìwé àfọwọ́rán mi lórí ọ̀rọ̀ ìdí àti àbájáde ní èdè Japan: ibi tí iṣẹ́ dé

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Iṣẹ́ tí mo dáwọ́ lé ni ìwé kékeré kan tí n ó fi ọwọ́ ara mi kọ, tí n ó sì fi ọwọ́ ara mi rán, èyí tí yóò kó àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe tí àwọn ará Japan fi ń sọ ohun tó fa nǹkan àti ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń kọ́ èdè náà ní alaalẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ mi, apá yìí ni mo sì máa ń ṣì sọ jù, nítorí pé ohun tí àwa ń fi "nítorí" nìkan sọ, ọ̀nà púpọ̀ ni wọ́n pín in sí. Mo ra bébà funfun, búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, yíǹkì dúdú, abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ jẹ́ ti inga, 因果, ìdí àti àbájáde, ọ̀rọ̀ tó bá ẹ̀sìn Búdà wọ èdè wọn. Ìlà mẹ́fà ni a fi ń kọ 因. A ó fa ògiri òsì, a ó fa òrùlé pọ̀ mọ́ ògiri ọ̀tún, a ó fi ìlà mẹ́ta kọ àmì 大, tó túmọ̀ sí ńlá, sáàárín wọn, lẹ́yìn náà ni a ó tó fi ìlà ìsàlẹ̀ pa á dé. Ìgbà 40 ni mo kọ ọ́ kí ìlà ìsàlẹ̀ yẹn tó gún. 果 ní ìlà mẹ́jọ. Igi ni, pẹ̀lú ohun tó so sí i lórí. Èso ni ìtumọ̀ rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì ń lò fún àbájáde.

Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ wọn fún àbájáde ni kekka, 結果. Àmì tó ṣáájú níbẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ musubu, musubu yìí ni wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá so okùn, òun kan náà ni wọ́n sì ń sọ nígbà tí igi bá so. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nígbà tí mo rí i, nítorí "so" kan náà ni àwa náà ń lò fún méjèèjì, àwa tí a tún ń pe ohun tó fa nǹkan ní ìdí, bí ẹni ń wo ìdí igi. Mo ya igi kan sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé náà, mo kọ "ìdí" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti 果 sí orí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń so gbólóhùn pọ̀ ti wọ ojú ìwé mẹ́rin. Kara túmọ̀ sí "láti" nígbà tí a bá ń sọ ibi tí a ti wá, bíi Tōkyō kara. Tó bá sì jẹ́ ìdí ni a ń sọ, ẹ̀yìn ìdí náà ni wọ́n ń gbé e sí. Nínú ame ga futta kara, "òjò rọ̀" ni wọ́n kọ́kọ́ sọ kí "nítorí" tó tẹ̀ lé e. Node ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ohùn tútù, òun ló sì yẹ ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Tame ni kò yọ mí lẹ́nu rárá, bíi "nítorí" tiwa gan-an ló rí: taifū no tame ni, nítorí ìjì, kazoku no tame ni, nítorí ẹbí. Ohun tó ti kọjá àti ohun tí à ń lé, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló gbé méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún

Okage de àti sei de gba ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lọ́wọ́ mi. Méjèèjì ń tọ́ka sí ohun tó fa nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lo ọ̀kan nínú wọn ti dájọ́ kí ó tó parí gbólóhùn: oore ló ń tẹ̀ lé okage de, aburú ló ń tẹ̀ lé sei de. Inú okage ni kage wà, tí í ṣe òjìji tàbí ibòji, bí ẹni ń sọ pé abẹ́ ibòji ẹnìkan ni òun ti rí oore náà. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí n ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo kọ "nítorí", mo pa á rẹ́, mo kọ "nípasẹ̀", mo pa á rẹ́, àfi ìgbà tí mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń sọ pé, "Ọpẹ́lọpẹ́ òjò àná, iṣu ì bá ti gbẹ." Ọpẹ́lọpẹ́ ni okage de. Fún sei de, mo kọ "òun ló kó bá wa."

Mo ní ìdí tí mo fi fara balẹ̀ níbẹ̀. Mo ti sọ fún olùkọ́ mi rí pé sensei no sei de ni èdè náà fi ń yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, mo sì rò pé ọpẹ́ ni mò ń dá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ẹ̀bi ni mo dì ru òun. Mo tọrọ àforíjì, okage de sì ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo fi yíǹkì pupa kọ nínú ìwé yìí.

Nínú ọ̀sẹ̀ yìí kan náà, bébà tí mo rà pé ó nípọn tán, èyí tí mo rà tẹ̀ lé e sì fẹ́lẹ́ débi pé yíǹkì là á já. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé: kami ga usui sei de, sumi ga nijinda, bébà fẹ́lẹ́ ló kó bá mi, yíǹkì ràn. Àtúnṣe rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ará Japan àtijọ́ fúnra wọn. Ìṣẹ́po ni wọ́n ń ṣẹ́ bébà fẹ́lẹ́ sí méjì, tí ojú ìṣẹ́po á wà níta, tí ìwé kò sì ní kan inú. Fukurotoji ni wọ́n ń pè é, torí pé ewé kọ̀ọ̀kan rí bí àpò, tí wọ́n ń pè ní fukuro.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ

Ewé tó gùn jù nínú ìwé náà ti parí. Òwe ayé Edo ti ilẹ̀ Japan (1603 sí 1868) ni mo kọ sí i: kaze ga fukeba okeya ga mōkaru, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ẹni tó ń kan garawa onígi a jèrè. Mo ṣẹ́ bébà gígùn kan sí ojú mẹ́jọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń ṣí i yóò máa bá ìdí kan pàdé lẹ́yìn òmíràn. Afẹ́fẹ́ fẹ́. Eruku sọ. Eruku kó sójú ènìyàn, ọ̀pọ̀ wọn fọ́jú. Àwọn afọ́jú ra shamisen, ohun èlò orin olókùn mẹ́ta, nítorí orin ni ọ̀nà oúnjẹ wọn. Awọ ológbò ni wọ́n fi ń bo shamisen, nítorí náà ológbò dín kù. Eku pọ̀ sí i. Eku jẹ garawa jẹ. Oníṣẹ́ garawa rí owó. Ìlà ẹnu òwe yìí dùn mọ́ mi ju ti gbogbo ìyókù lọ, nítorí kò sí ojú kan nínú mẹ́jọ tí a lè yọ kí ọ̀rọ̀ náà má já. Lóde òní, wọ́n tún ń lò ó fún ẹni tó ń fa ọ̀rọ̀ láti ibi tó jìnnà jù.

Àwọn òwe kúkúrú kò gba àkókò. Hi no nai tokoro ni kemuri wa tatanu, níbi tí kò bá sí iná, èéfín kì í rú. Mo kọ "Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú" sí abẹ́ rẹ̀. Mi kara deta sabi ni ìpẹtà tó ti ara idà fúnra rẹ̀ jáde, mi sì tún túmọ̀ sí ara ẹni: àfọwọ́fà.

Àná ni mo bẹ̀rẹ̀ rírán. Ihò mẹ́rin ni mo lu sí ẹ̀yìn ìwé ní ọ̀nà yotsume toji. Ojú mẹ́rin ni yotsume, bí àwa náà ṣe ń sọ pé ojú abẹ́rẹ́. Mo gé òwú ní ìlọ́po mẹ́ta gígùn ìwé, ó sì tán nígbà tí mo dé ihò kẹta. Ní alẹ́ òní, n ó tú u, n ó gé èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, n ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ihò kejì.