Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Láti Southampton: Ṣé Kí Ìdílé Tètè Gba Àyè, Tàbí Kí Ó Dúró De Ẹ̀dínwó?

Láàárín àwa Yorùbá tí a ń gbé ní apá gúúsù London, láti Peckham títí dé Thamesmead, ìdílé tí ó ń gbèrò láti kó àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ nígbà ìsinmi oṣù kẹjọ kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Ìbéèrè tí mo sì ń gbọ́ jù, yálà lẹ́yìn ìsìn ni o tàbí níbi ìkómọ, ni pé ṣé kí ènìyàn ti gba yàrá sílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún kan ṣáájú, tàbí kí ó mú sùúrù títí yóò fi ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọkọ̀ gbéra, nígbà tí owó máa ń wálẹ̀. Ojú owó nìkan ni ọ̀pọ̀ fi ń wo ọ̀rọ̀ náà. Ní tèmi, gẹ́gẹ́ bí bàbá ọmọ mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ ṣì ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, mo gbà pé ọ̀rọ̀ físà ni ó yẹ kí a fi pinnu ìgbà tí a ó sanwó, kí a tó sọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó rárá.

Òtítọ́ ni pé ẹ̀dínwó ìgbà ìkẹyìn wà, ó sì ní ìdí. Ọkọ̀ kì í dúró de èrò. Bí ọjọ́ bá ti pé, yóò lọ, yàrá tí ó bá sì ṣófo lọ́jọ́ náà kò ní mú kọ́bọ̀ wọlé mọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní Ìlú Ọba sábà máa ń béèrè owó àṣẹ́kù, ìyẹn owó tí ó kù lẹ́yìn àsansílẹ̀, nígbà tí ó bá ku nǹkan bí ọjọ́ 90 kí ọkọ̀ gbéra. Àwọn tí wọn kò bá rí i san, tàbí tí wọ́n bá ti yí ọkàn padà, yóò dá yàrá wọn sílẹ̀ ní àkókò yìí, ilé-iṣẹ́ yóò wá mọ iye àyè tí ó kù sí i lọ́wọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó kù kí ọkọ̀ lè kún. Ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Southampton, èbúté tí àwọn ọkọ̀ náà ti ń gbéra, tí ó ń lo ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba, tí kò sì ní ọmọ ní ilé-ìwé, lè fara balẹ̀ de irú àyè bẹ́ẹ̀. Òun ni ìmọ̀ràn pé "ẹ dúró, yóò wálẹ̀" bá mu. Kò bá ìdílé tí físà wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ jù lọ ibi tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń yà sí, Nọ́wè, Faransé, Sípéènì àti Pọ́túgà, ni ó wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n jọ ń lo físà kan náà. Ìwé ìgbélùú Ìlú Ọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ èyí tí kò ní ọjọ́ ìparí, kò yọ ẹni tí ó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kúrò nínú gbígba físà ibẹ̀. Òfin Schengen kò sì jẹ́ kí a gbé ìwé ìbéèrè lọ ju oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú ìrìn-àjò, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó dín sí ọjọ́ 15. Ọjọ́ 15 yẹn kan náà ni wọ́n máa ń fi yẹ ìwé wò bí kò bá sí ìdíwọ́. Bí wọ́n bá nílò àlàyé sí i, ó lè dé ọjọ́ 45. A kò tíì ka àkókò tí a ó fi wá àyè ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, èyí tí ó máa ń ṣòro rí bí ìsinmi bá ti súnmọ́lé. Ẹni tí ó bá rí ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú lè má rí físà gbà kí ọkọ̀ tó lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọjọ́ físà àti ọjọ́ owó ṣe bá ara wọn mu fún ẹni tí ó bá tètè ṣe é. Ká sọ pé ọkọ̀ yóò gbéra ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2026. Láti ọjọ́ 8 oṣù kejì ni a ti lè gbé ìwé ìbéèrè físà lọ. Bí owó àṣẹ́kù bá pé ní ọjọ́ 90 ṣáájú, ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ó wà láàárín méjèèjì, ó sì tó láti gba èsì. Bí wọ́n bá fún wa ní físà, a ó san owó tí ó kù pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, owó àsansílẹ̀ nìkan ni a ó pàdánù lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, ìyẹn ìdá kékeré nínú gbogbo owó. Lẹ́yìn ọjọ́ owó àṣẹ́kù, ohun tí ilé-iṣẹ́ ń mú lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fagi lé ìrìn-àjò máa ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ ṣe ń súnmọ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Oṣù mẹ́ta yẹn gan-an ni ẹ̀ṣọ́ ìdílé Nàìjíríà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Owó físà fúnra rẹ̀ jẹ́ 90 yúró fún àgbàlagbà láti oṣù kẹfà ọdún 2024, ó jẹ́ 45 yúró fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá, kò sì sí owó lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ yóò ti pẹ́ jù ni a ó kọ̀wé sí. Bí ó bá jẹ́ Nọ́wè nìkan ni ó ń lọ, Nọ́wè ni. Kí ẹ béèrè fún físà tí ó gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ọkọ̀ lè jáde kúrò nínú Schengen kí ó tún wọ ibẹ̀ padà. Ìwé ìrìnnà náà gbọ́dọ̀ ṣì ní agbára fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn tí a bá kúrò níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti ṣe é. Bákan náà ni fún ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba, ẹ sì rántí pé ọdún márùn-ún péré ni ti ọmọdé máa ń lò.

Bí Màmá bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn láti bá wa lọ, ọ̀rọ̀ náà tún gba ìṣáájú púpọ̀ sí i. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni òfin fẹ́ kí ó ti béèrè físà Schengen, nítorí náà Nàìjíríà ni Màmá yóò ti ṣe é, lẹ́yìn tí ó bá ti gba ti Ìlú Ọba. Kò ní bọ́gbọ́n mu kí a jẹ́ kí àgbàlagbà máa sáré lọ sí Èkó nígbà méjì láàárín oṣù kan nítorí pé àwa fẹ́ fi owó díẹ̀ pamọ́.

Ọ̀rọ̀ yàrá náà wà níbẹ̀. Yàrá tí ó gba ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún kò pọ̀ nínú ọkọ̀, àwọn ìdílé tí kò lè rìn àfi nígbà ìsinmi ni wọ́n sì ń lépa rẹ̀. Nígbà mìíràn, ibùsùn á ṣì wà, ilé-iṣẹ́ á sì sọ pé kò sí àyè fún ẹni kẹta tàbí ìkẹrin, nítorí pé ìpín àwọn ọkọ̀ kéékèèké ìdóòlà ẹ̀mí tí ó wà fún apá ibẹ̀ ti kún. Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí òfin yẹn, pàápàá ní Southampton, níbi tí Titanic, ọkọ̀ tí ó rì láìní ọkọ̀ ìdóòlà tó fún gbogbo èrò rẹ̀, ti gbéra ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1912. Yàrá olówó pọ́ọ́kú ìgbà ìkẹyìn sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ yóò yàn fún ni, tí yàrá àwọn ọmọ fi lè wà ní àjà mìíràn.

Àwọn kan ń sọ pé kí a mú àwọn ọmọ kúrò ní ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí owó ọkọ̀ bá rọjú. Ní England, láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, owó ìtanràn jẹ́ £80 lórí òbí kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan bí a bá san án láàárín ọjọ́ 21, yóò sì di £160 lẹ́yìn náà. Fún bàbá àti ìyá tí ó ní ọmọ mẹ́ta, £480 nìyẹn, kí a má tíì sọ ti ẹ̀kọ́ tí ó bọ́ lọ.

Ní ti owó, títètè gba àyè bá àjọ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń dá mu: a ó fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún àsansílẹ̀, a ó sì bẹ olórí àjọ pé kí ó fún wa ní oṣù kẹrin, kí owó àṣẹ́kù lè bá a. Ọjọ́ tí a bá san àsansílẹ̀ náà ni kí a ra adójútòfò, kí a sì kà á dáadáa bóyá ó gba ẹni tí wọ́n kọ̀ ní físà, nítorí ọ̀pọ̀ ni kò gbà á.

Ìdílé tí gbogbo wọn ní ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba, tí yàrá méjì tí ó jìnnà síra kò dà láàmú, lè dúró de ìgbà ìkẹyìn bí wọ́n bá fẹ́, ní ìwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ní wọ bàálù lọ sí Barcelona kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, torí owó bàálù oṣù kẹjọ yóò jẹ ẹ̀dínwó náà run. Fún àwa yòókù, kí a gba àyè kí ọdún tó parí, kí a sì máa wo iye owó títí ọjọ́ àṣẹ́kù yóò fi pé. Bí ó bá wálẹ̀, kí a pe ẹni tí ó bá wa ṣètò rẹ̀ kí ó bá ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Wọn kì í gbà nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn wọ́n máa ń fi yàrá tí ó dára jù tàbí owó ìnáwó inú ọkọ̀ dípò rẹ̀.