Ẹ yéé sọ fún màmá pé kí wọ́n jókòó

Bí àwọn màmá wa bá ti lé ní 70 ọdún báyìí, a ò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe nǹkankan mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bomi, "ẹ jókòó mà, mo ń bọ̀," wọ́n fẹ́ ja ẹ̀fọ́, "ẹ fi sílẹ̀ jàre mà, ẹ sinmi." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ téèyàn ò lò, ṣe ló máa ń joro, ẹsẹ̀ yẹn náà ni wọ́n sì máa fi dìde lóru tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wọ́n, NEPA ti múná lọ, táìsì bálùwẹ̀ ti tutù, ọṣẹ wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá wá ṣubú tí egungun ìgbáròkó kán, a ó ní ayé ló ṣe é. Àjọ ìlera àgbáyé, ìyẹn WHO, ní èèyàn bíi 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dún káàkiri ayé, àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Màmá tèmi, tí wọ́n bá ti gbàdúrà àárọ̀ tán, wọ́n á jókòó sórí àga onígi tá a ti tì mọ́ ògiri, wọ́n á ká ọwọ́ mọ́ àyà, wọ́n á dìde láì di nǹkankan mú, wọ́n á wá rọra padà jókòó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn já gbì sórí àga o, rírọra jókòó yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Ẹni tí ò bá tíì lè ṣe é, kó máa fọwọ́ ti àga ná, kẹ́ ẹ sì dúró tì wọ́n.

Oògùn náà ńkọ́? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn oorun lè mú kí òòyì kọ́ wọn tí wọ́n bá dìde lójijì, torí náà kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ná. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín o, dókítà ni kẹ́ ẹ bi. Tọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pílò, póò nítòsí, ẹ sì ju sílípáàsì tó ti jẹ nídìí yẹn nù.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ṣubú tí wọn ò sọ, torí wọ́n mọ̀ pé "ẹ jókòó" yẹn náà la máa tún sọ. Ẹ fohùn jẹ́jẹ́ bi wọ́n, ibo ló ti ṣẹlẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, ẹ mú wọn lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa lọ ra ata wọn lọ́jà.