Bí MS bá ń mú ọpọlọ yín falẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi nípa eré ìdárayá

Ẹni tó bá ń polówó eré ìdárayá fún yín bí oògùn ìgbàgbé, ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ má ṣe é rárá torí pé ẹ ní MS, àìsàn tí wọ́n ń pè ní multiple sclerosis, ẹ má dá òun náà lóhùn. Manchester ni mò ń gbé, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí èmi àti àìsàn yìí ti jọ ń bá ara wa yí.

MS kì í bá ẹsẹ̀ nìkan jà. Ohun tó yẹ kó máa gbógun ti àrùn nínú ara ló yíjú padà sí awọ tó bo iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ni iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán bá ń pẹ́ lọ́nà. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ní in, nǹkan bí 40 sí 65 ló ń dé ibi ìrònú wọn. A ò ya òmùgọ̀ o. Ọ̀rọ̀ á yé wa, àmọ́ yóò pẹ́ kó tó wọlé.

Ìwé kan wà tí wọ́n máa ń gbé síwájú mi nílé ìwòsàn láti fi díwọ̀n bí ọpọlọ mi ṣe ń yára tó: àmì mẹ́sàn-án lókè, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lábẹ́ wọn, lẹ́yìn náà àmì rẹpẹtẹ tí kò ní nọ́ńbà. Ẹ ó máa pe nọ́ńbà tó bá àmì kọ̀ọ̀kan mu fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ó jọ eré ọmọdé, àfìgbà tí ojú yín bá ń sá padà sókè ṣáá nítorí àmì kan ṣoṣo.

Láyé àtijọ́, àwọn dókítà máa ń lé wa sá fún eré ìdárayá. Lọ́dún 1890, Uhthoff, dókítà ojú kan ní Jámánì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú àwọn aláìsàn kan ń ṣú tí wọ́n bá ti lo agbára. Ooru ara ló ń fà á. Bí ara bá ti tutù, ojú á là padà. Ní 1996, ìwádìí kan láti Utah ní Amẹ́ríkà fi hàn pé eré ìdárayá ọ̀sẹ̀ 15 mú kí ara àwọn tó ní MS le dáadáa. Síbẹ̀, ìyá mi ní Ìbàdàn ò gbà: "Ọmọ mi, jókòó jẹ́ẹ́, iṣẹ́ ìlú òyìnbó ló ń pa ẹ́." Mi ò bá wọn jiyàn. MS ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ooru yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí. Kẹ̀kẹ́ tó dúró sójú kan ni mò ń wà, láàárọ̀ kí àárẹ̀ tó dé, fáànù á dojú kọ mí, aṣọ tútù á wà lọ́rùn mi, omi yìnyín nítòsí. Ẹsẹ̀ òsì mi máa ń wọ́lẹ̀, ìdí tí n kì í fi gun ẹ̀rọ ìrìn nìyẹn. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń dá lábàá, kí kálukú sì dín in bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá kì í ṣe ìtìjú. Àmọ́ bí ara bá tutù tán tí ojú tàbí ẹsẹ̀ ò padà bọ̀ sípò, tó sì kọjá wákàtí 24, ẹ pe nọ́ọ̀sì yín.

Ìrònú ńkọ́? Àwọn ìwádìí kéékèèké ti mú ìrètí wá. Ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá kan tó ń jẹ́ CogEx, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023, kó èèyàn 311 jọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, gbogbo wọn ló ní irú MS tó ń le sí i díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, àwọn tó ṣe eré ìdárayá pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọpọlọ lórí kọ̀ǹpútà ò yára ronú ju àwọn yòókù lọ. Ní tèmi, ìròyìn yẹn tù mí lára. Mi ò ní láti máa fi ìwé alámì yẹn díwọ̀n kẹ̀kẹ́ mi. Oorun mi dára sí i, inú mi ń dùn, mo sì ń lè gun àtẹ̀gùn ilé láìdúró lágbedeméjì. Ìyẹn tó fún mi láti máa wà á lọ.

Fún ìgbàgbé gan-an, ẹ ní kí dókítà yín júwe occupational therapist fún yín, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ aláìsàn ní ọgbọ́n tí yóò máa fi ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Tèmi ní kí n máa pa rédíò tí mo bá ń dáná, kí n sì sọ fún àwọn ará ilé pé kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ti rédíò rọrùn. Èkejì yẹn, nínú ilé Yorùbá, a ṣì wà lórí ẹ̀.