Muscle Shoals: ọwọ́ kan náà ló ta kọ́ńtírì, òun náà ló ta fọ́ńkì

Bí ẹ bá wakọ̀ láti Nashville gba ìhà gúúsù, tí ẹ bọ́ sí ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ẹ ó dé ibi tí ìlú mẹ́rin ti fara kan ara wọn: Florence, Sheffield, Tuscumbia àti Muscle Shoals. Odò Tennessee ló gba àárín wọn kọjá. Àwọn ẹlẹ́gbè ni mo bá lọ síbẹ̀, àwọn tó ta gìtá, tó lu ìlù fún kọ́ńtírì, orin òyìnbó ìgbèríko Amẹ́ríkà, àti fún fọ́ńkì, orin ijó aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, tí a kì í ka orúkọ wọn lẹ́yìn àwo.

Ilé FAME, ilé ìgbohùn-orin-sílẹ̀ tí Rick Hall dá sílẹ̀, wà ní òpópónà Avalon. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò lè kọjá rẹ̀. Lọ́dún 1961, ọmọ aláwọ̀ dúdú àdúgbò náà kan, Arthur Alexander, kọ “You Better Move On” fún Hall, owó tí orin yẹn mú wọlé ni Hall sì fi kọ́ ilé tí mo dúró sínú rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí orin náà dáadáa. Ohùn rẹ̀ rọra ń ro ẹjọ́ bíi ti olórin kọ́ńtírì, ṣùgbọ́n ìlù abẹ́ rẹ̀ ń pe ijó mìíràn. Àwọn Rolling Stones tún un kọ. Àwọn Beatles mú “Anna” rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó yá, Alexander fi orin sílẹ̀, ó ń wa bọ́ọ̀sì ní Cleveland. Ọdún 1993 ló tún gbé àwo tuntun jáde, ọdún yẹn gan-an ló sì kú. Nínú gbogbo àwọn tí mo rántí nínú ilé náà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló dùn mí jù. Ilé tí orin rẹ̀ kọ́ ṣì ń pawó.

Níbẹ̀ náà ni Aretha Franklin, akọrin aláwọ̀ dúdú, ti jókòó sídìí dùùrù ní oṣù Kìíní ọdún 1967. Orin kò tíì rí ẹsẹ̀ fi lélẹ̀ títí Spooner Oldham, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́gbè, fi tẹ ohun kan lórí dùùrù oníná tirẹ̀, ni gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, Aretha kò sì padà sí FAME mọ́. Àwọn ẹlẹ́gbè yẹn ni wọ́n ránṣẹ́ pè wá bá a ní New York.

Lọ́dún 1969, ẹlẹ́gbè mẹ́rin ní FAME, Barry Beckett, Roger Hawkins, Jimmy Johnson àti David Hood kúrò lọ́dọ̀ Hall, wọ́n ṣí tiwọn ní 3614 Jackson Highway, Sheffield, nínú ilé kékeré kan tí wọ́n ti ń ta pósí rí. Òyìnbó ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n àwọn ló wà lẹ́yìn Staple Singers, ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tí Mavis Staples ń kọrin nínú rẹ̀, nínú “I'll Take You There” lọ́dún 1972, níbi tí Mavis ti ń dárúkọ David kí ó lè ta báàsì rẹ̀. Beckett yìí kan náà ló lọ sí Nashville lẹ́yìn náà, tó ń ṣètò àwo fún Hank Williams Jr., olórin kọ́ńtírì. Ní FAME ẹ̀wẹ̀, Candi Staton, akọrin aláwọ̀ dúdú, gba “Stand by Your Man” lẹ́nu Tammy Wynette, olórin kọ́ńtírì, lọ́dún 1970, ó sì sọ ọ́ di tirẹ̀ pátápátá. Tirẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

Paul Simon, olórin ọmọ Amẹ́ríkà, náà wá sí 3614 fún “Kodachrome” ti ọdún 1973. Nígbà tó ṣe “Graceland” lọ́dún 1986, Demola Adepoju, ọmọ ẹgbẹ́ King Sunny Adé, ló ta pedal steel sí i, gìtá tí wọ́n ń tẹ́ kalẹ̀, tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lójú okùn rẹ̀, tí àwọn olórin kọ́ńtírì kò lè ṣe aláìní. Ó ti fi í ṣe jùjú tipẹ́. Ó yẹ kí àwa tí a mọ orúkọ Sunny mọ orúkọ Adepoju náà.

Ẹ wádìí kí ẹ tó lọ o. 3614 ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ṣùgbọ́n FAME ṣì ń gbohùn olórin sílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, àlejò lè má rí inú yàrá wọ̀.