Láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ méèlì

Ẹ wá gbọ́ o. Àwa mẹ́rin péré la wà ní ọ́fíìsì wa ní Bódìjà, àdírẹ́sì méèlì kan náà la jọ ń lò, kọ́sítọ́mà wá pè mí láàárọ̀ yìí pé àtọjọ́bọ̀ lòun ti fi ọ́dà ránṣẹ́, mo ṣí méèlì kò sí nǹkan kan, mo wo spam ó ṣófo, díẹ̀ ló kù kí n bá màmá yẹn jiyàn. Àṣé láptọ́ọ̀pù Bọ̀dá tó ń bá wa ṣe àkáǹtì ni! POP (ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń gba méèlì) ni wọ́n fi ṣètò ẹ̀ látijọ́, tó bá ti fa méèlì wálẹ̀ báyìí ó máa pa á rẹ́ lórí server (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú méèlì fún gbogbo wa), àwa tó kù á wá dà bí ẹni tó délé lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ ìkòkò ọbẹ̀. Mo yí i sí IMAP, tó ń fi méèlì sílẹ̀ lórí server kí gbogbo wa lè rí i, port 993 (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tó ń gbà), mo wá ń dá àwọn méèlì àtijọ́ padà sókè díẹ̀díẹ̀, dátà ń wọ́ bí ìgbín. Bọ̀dá ní, "Ṣé èmi ni mo ní kó máa jẹ méèlì ni?" Ẹ̀rín pa mí.